Ọrùn Lékèélékèé

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ iṣẹ́ ọnà, àwọn olùkọ́ àti àwọn ìyá wa sọ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú eruku. Mo júbà Alákétu, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo júbà ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó lápá ọ̀tún yìí, ẹ̀yin tí ẹ ni eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ̀yin tí a torí yín ń gbé igi sórí jó. Bí ẹ bá ní kí n má sọ̀rọ̀ lónìí, mi ò jẹ́ la ẹnu. Mo kí ẹ̀yin ọ̀gá nídìí iṣẹ́. Mo kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ kó àwọn ọmọ yín wá, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Pobẹ̀, Sákétẹ́ àti Àjàṣẹ́ wá. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ sún síwájú. Ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà àti bí ọmọ èèyàn ṣe ń bá igbó, odò, ẹyẹ àti ẹranko gbé. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò sì ní lè sọ ọ́ tán. Ìtàn ẹyẹ kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ la ó ti dé ìdí igi, ká tó dé ìdí bídọ̀n, kẹ́ẹ̀gì oníke tí a fi ń gbé epo.

Ẹyẹ tí mo gbẹ́

Ẹ mọ bí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe rí. Ojú èèyàn ló wà nísàlẹ̀, ojú tútù, ojú pẹ̀lẹ́. Òkè orí ni ayé wà: ibẹ̀ ni ejò wà, ibẹ̀ ni ìyá aláte wà, ibẹ̀ ni a ń gbé ọkọ̀ òfuurufú àti ẹ̀rọ ìránṣọ sí. Ojú tó bá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wo òpin ìran, òótọ́ sì ni.

Mo ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà nígbà tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ jẹ́ kí n dá gbẹ́ igi kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹyẹ ni mo fi sókè rẹ̀. Lékèélékèé ni. Mo na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mo na ọrùn rẹ̀ gbọọrọ síwájú bí ẹni pé ó fẹ́ fò jáde nínú igi. Mo dán an títí ó fi ń kọ yànrànyànràn, mo fi ọ̀bẹ fín ìyẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Mo gbé e síta ní àárọ̀ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i.

Ìyá àgbà kan láàrin àdúgbò wa dúró. Igbá ẹ̀kọ wà lórí rẹ̀. Ó ní:

"Ọmọ mi, ẹyẹ wo nìyí?"

Mo ní, "Ìyá, lékèélékèé ni."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń fò ni, Ìyá."

Ó sọ igbá kalẹ̀. Ó yí igi náà po lẹ́ẹ̀kan, ó tún un yí po. Lẹ́yìn náà ló wá wo ojú mi, ó ní, "Ta ló ti rí lékèélékèé tó na ọrùn fò rí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé mi ò mọ lékèélékèé ni? Láti kékeré la ti ń na ìka sí i lókè pé kó fún wa ní èékánná funfun. Ọdọọdún la ń rí i lẹ́yìn màlúù. Síbẹ̀, nígbà tí ìyá yìí bi mí léèrè, mo di ojú mi láti wá ẹyẹ náà nínú orí mi, àwọn ère tí àwọn ará iwájú ti gbẹ́ nìkan ni mo rí. Ère ni mo ń wò gbẹ́ ère. Ẹyẹ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá.

Ìyá náà kò bú mi. Ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó ní, "Lọ wò ó," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo lọ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó létí pápá níbi tí àwọn Fúlàní ti ń da ẹran. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín. Bí màlúù bá gbé ẹsẹ̀, tata á fò jáde nínú koríko, lékèélékèé á sì ti mú un kí ẹsẹ̀ màlúù tó balẹ̀. Bí ó bá ń rìn, ọrùn rẹ̀ á gùn, orí á máa lọ á máa bọ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ó bá fẹ́ fò, ọrùn ṣì gùn nígbà tó kọ́kọ́ lu ìyẹ́. Kò ní ju ẹ̀ẹ̀mẹta tí ó lu ìyẹ́ lọ, ọrùn yẹn á ká wọlé, orí á padà sáàrin èjìká bí orí ẹni tí ọyẹ́ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń nà, ó máa ń yọ gbọọrọ kọjá ìrù. Mo wá rí i pé èmi ti na èyí tó yẹ kó ká, mo sì ti ká èyí tó yẹ kó nà. Mo tún rí ohun mìíràn tí mi ò kíyè sí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé: àwọn kan nínú wọn kò funfun tán. Orí, àyà àti ẹ̀yìn wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn tó fẹ́ yé ẹyin nìyẹn.

Igi tí a bá ti gbẹ́ kúrò kò ṣe é lẹ̀ padà. Mo wá igi mìíràn, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí. Èyí àkọ́kọ́ ṣì wà nílé mi, ó gbé ọrùn rẹ̀ gígùn lọ́wọ́. Gbogbo ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, òun ni mo kọ́kọ́ ń fi hàn án.

Bí a bá rí erin

Àwọn àgbà ní, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin." Mo fẹ́ bi yín: bí a kò bá wá rí erin mọ́ ńkọ́? Kí la ó sọ?

Ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ẹni tó bá fẹ́ rí erin níbi tó ń gbé, àríwá ló ń lọ, ní ọgbà ẹranko Pẹ́ńjárì tàbí ní ọgbà ẹranko W. Ọmọ Kétu tó ti rí erin kò pọ̀. Ṣùgbọ́n erin wà lẹ́nu wa, ó wà nínú oríkì, ó wà lára ilẹ̀kùn. Àwọn ọdẹ tó ń sun ìjàlá fi ẹsẹ̀ wọn tọ ẹranko kí wọ́n tó fi ẹnu kì í. Bí wọ́n bá kì í, wọ́n á sọ bó ṣe ń rìn, ohun tó ń jẹ, ibi tó ń sùn, bó ṣe ń ṣe sí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìjàlá nílé lè wọ inú igbó lọ́la, kó sì dá ẹran náà mọ̀. Iṣẹ́ ọnà nìyẹn, ẹ̀kọ́ sì ni.

Ní ọdún tó kọjá, olùkọ́ kan ní kí n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì òun ṣeré. Mo fún wọn ní bébà, mo ní kí wọ́n ya ẹkùn fún mi. Ọmọ bí ogójì ni wọ́n. Mo gba bébà, mo ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló fi ìlà gbọọrọ sára ẹkùn, ìlà dúdú láti ẹ̀yìn dé ikùn. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹkùn wa nìyẹn? Ẹkùn tiwa, àmì tótòtó ló wà lára rẹ̀. Èyí tí àwọn ọmọ yà, ilẹ̀ Éṣíà ló ń gbé. Inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti rí i.

Mi ò bá àwọn ọmọ wí. Ta ló fi ẹkùn hàn wọ́n rí? Èmi tí mo dàgbà tán pàápàá, ṣebí lékèélékèé tó ń kọjá lórí òrùlé bàbá mi ni mo gbẹ́ lọ́nà òdì. Ohun tó dùn mí ni pé ẹkùn ṣì wà lórí àwọn igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àtijọ́ tí a tọ́jú, ọmọ wọ̀nyí sì lè wò ó lójú kó máà mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ejò tó ń bá òòrẹ̀ jà lórí igi. Ẹni tó mọ òòrẹ̀ mọ ibi tí ìjà yẹn máa parí sí, nítorí ó mọ ohun tó wà lẹ́yìn òòrẹ̀ àti ohun tó máa ṣe sí ọ̀fun ejò. Ẹni tí kò mọ òòrẹ̀, ẹranko méjì lásán ló rí. Bí ẹranko bá kúrò nínú igbó, ìdajì ohun tí ère ń sọ ti bá a lọ.

Igi fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ igi, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ mi wà lójoojúmọ́.

Igi ọ̀mọ̀ ni ọ̀gá mi fẹ́ràn jù fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ó fúyẹ́, ó rọ̀ fún ọ̀bẹ, ẹni tó máa gbé e sórí jó títí ilẹ̀ á fi ṣú kò ní ti ìdí rẹ̀ gba ọrùn ríro. Òun náà ni àwọn onílù ń wá. Tútù la ń gbẹ́ ẹ, kí omi tó gbẹ lára rẹ̀. Bí mo bá gé ọ̀mọ̀ láàárọ̀, títí ọ̀sán ni òórùn rẹ̀ ń wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá mi kì í gé igi láìkọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Á dúró nídìí rẹ̀, á kí i, á sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe fún un, á tọrọ gáfárà, kó tó gbé àáké. Ní kékeré, mo rò pé àṣà àtijọ́ lásán ni. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ní gbogbo àkókò tí ó fi ń kí igi, ó ń wò ó. Ó ń wo ibi tó tẹ̀ sí, ó ń wo bóyá ìtẹ́ ẹyẹ wà lókè, ó ń wo bóyá ọmọ rẹ̀ kan ti hù nítòsí. Ìgbà mìíràn á kí igi tán, á ní, "A ò gé èyí," a ó sì máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìrókò wá sí i. Olúwéré, igi ńlá. Ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: o lè máa la ìrókò lọ jẹ́jẹ́, kí ayùn rẹ ṣàdédé ké gààn, kí eyín rẹ̀ ká. Òkúta ni ó bá pàdé. Òkúta funfun nínú igi! Àwọn bàbá wa ní ohun tí wọ́n ń wí nípa rẹ̀, mi ò sì ní tú àṣírí wọn. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìrókò fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn kòkòrò tíntìntín tó wà nínú ilẹ̀ nídìí rẹ̀, ló ń ṣe é: afẹ́fẹ́ tí ewé rẹ̀ fà sínú ló ń di irú òkúta tí ẹfun ilé fi ń funfun. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo jókòó. Ogún ọdún ni mo fi ń bínú sí òkúta yẹn tó ń ba irin iṣẹ́ mi jẹ́, n ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni mo ń kọlù.

Ta ló ń gbin ìrókò? Ẹ dá mi lóhùn! (Ẹnì kan ní Ọlọ́run.) Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni Ọlọ́run rán níṣẹ́? Àdán ni. Akọ àti abo ni ìrókò, abo ló ń so. Àdán á jẹ èso rẹ̀ lóru, á fò lọ síbi tó jìnnà, á sì yàgbẹ́ irúgbìn sílẹ̀. Bí a bá wá pa àdán tán láti fi se ọbẹ̀, ìrókò tó kù á máa so èso sábẹ́ ara rẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà nípa ìrókò, tí kò fi àdán sí i, kò tíì sọ ìtàn náà dé ìdajì?

Ní 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àwọn iṣẹ́ àrà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ní 2008, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkójọ wọn, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò sì wà níbẹ̀ pọ̀. Inú wa dùn, a jó. Ṣùgbọ́n mo ń bi ara mi: igi tí a fi ń gbẹ́ ẹ ńkọ́, ta ló kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀? Láti 1985 ni a ti ń ṣe ọjọ́ igi ní Bẹ̀nẹ̀, gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Mo ti bá wọn gbin tíìkì, mo ti bá wọn gbin akáṣíà. Wọ́n wúlò, mi ò bú wọn. Níbi tí èmi ti gbin igi, n kò tíì rí ẹni tó mú ọ̀mọ̀ wá. Nígbà tí mo kọ́ṣẹ́, ọ̀nà ọ̀mọ̀ kò jìnnà, ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀. Nísinsin yìí, ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ wá a, àpò eédú ni mo sì ń rí ní ọ̀tún lósì ojú ọ̀nà. Mi ò lè bú ìyá tó ń ta eédú. Owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ló wà nínú àpò yẹn. Èmi náà, igi ni mo ń gé jẹun. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí: ká tó kọ́ ẹlòmíràn ní bí a ṣe ń tọ́jú igbó, ẹ jẹ́ ká ka igi tí àwa fúnra wa ti gé. Mo ka tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irúgbìn ọ̀mọ̀. Mọ́kànlá nínú èyí tí mo gbìn ló yè, èyí tó ga jù nínú wọn ti ga jù mí lọ. Èmi kọ́ ni n ó gé wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n ó yára kọjá rẹ̀. Ẹfun, osùn, ẹ̀lú: ilẹ̀, igi àti ewé la ti ń rí àwọ̀ nígbà kan. Ọ̀dà inú agolo ló gbòde báyìí. Ó ń dán, mo ń lò ó. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ gún osùn lẹ́ẹ̀kan, kó mọ ibi tí pupa ti ń wá.

Bídọ̀n

Àwọn àgbà kan máa ń bínú tí mo bá dé ibi ọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbọ́ mi tán.

Ọmọ Àjàṣẹ́ kan wà, Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní 1962. Bídọ̀n ló fi ń ṣe ojú èèyàn, irú bídọ̀n tí wọ́n fi ń gbé epo mọ́tò láti Nàìjíríà wọlé, epo tí a ń pè ní kpayo. Gbogbo wa la mọ àwọn ọmọkùnrin tó ń di bídọ̀n mọ́ ara ọ̀kadà títí a kò fi ní rí ẹni tó gùn ún. Hazoumè á gé bídọ̀n, ọwọ́ bídọ̀n á di imú, ibi tí wọ́n ń gbà bu epo á di ẹnu. Ó kó 304 irú ojú bẹ́ẹ̀ jọ, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń to ẹrú sínú ọkọ̀ òkun láyé àtijọ́. Ilé àkójọ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù gbé e kalẹ̀ fún aráyé wò ní 2007.

Àwọn kan sọ fún mi pé pàǹtí nìyẹn, wọ́n ní kì í ṣe ọnà. Mi ò gbà. Ojú tí ọ̀gá mi fi ń wo igi ni ọkùnrin yìí fi wo bídọ̀n. Ó mọ ibi tó ti wá, ó mọ ẹni tó gbé e, ó mọ ẹ̀mí tó ti bá a lọ nígbà tí iná mú un. Bídọ̀n ń sọ̀rọ̀ epo, epo ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti wà á. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣa ọ̀rá inú gọ́tà, tí ẹ ń so ó mọ́ igi, tí ẹ ní ọnà nípa àyíká lẹ ń ṣe, mo kí yín fún ìfẹ́ yín. Ìbéèrè ìyá ẹlẹ́kọ ni n ó bi yín: ọ̀rá wo nìyí? Ta ló lò ó? Odò wo lẹ ti kó o? Òfin dé lórí ọ̀rá yìí ní Bẹ̀nẹ̀ láti 2017, ó ṣì ń fò káàkiri lẹ́yìn ọjà. Ẹ tọ ọ̀rá kan láti ọwọ́ ẹni tó tà á dé ikùn ewúrẹ́ tó jẹ ẹ́, ẹ ó rí ohun tí ẹ máa ṣe.

Ère nínú igbó

Mo lọ sí Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan, mo fẹsẹ̀ mi rin igbó Òṣun. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó ti ilẹ̀ Austria ní Yúróòpù wá, dé Nàìjíríà ní 1950, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní 2009. Nígbà tí àwọn kan ti ń gé igi igbó náà, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú kó amọ̀ àti sìmẹ́ńtì wọlé, wọ́n mọ ère ńláńlá sáàrin igi. Ní 2005, UNESCO gbà á sí ara ogún gbogbo ayé. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀bọ kan jókòó lórí apá ère kan, ó ń bó nǹkan jẹ, ó ń ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Mo dúró wò ó títí ẹni tó mú mi rìn fi ní ká máa lọ. Àwọn tó mọ ère yẹn ṣe é kí igbó lè wà, ọ̀bọ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ èyí kí ẹ wá máa kó sìmẹ́ńtì wọ gbogbo igbó wa. Ní 2012 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe ìlànà tó fi ọwọ́ òfin mú àwọn igbó òrìṣà, ó dára bẹ́ẹ̀. Igbó kan sì wà tó jẹ́ pé ọnà tó yẹ ẹ́ ni pé ká má wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ìyá mọ èyí tí mo ń wí. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn ẹyẹ tó wà nínú rẹ̀, ẹ padà sílé lọ gbẹ́ ohun tí ẹ gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ọ̀la ni mo ń pè yín sí. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, n ó wà létí pápá níbi tí àwọn màlúù ń gbà padà. Kí kálukú mú ìwé àti pẹ́ńsùlù wá, kí ó pa fóònù rẹ̀ mọ́ sápò. Ìyá ẹlẹ́kọ ti sọ pé òun náà ń bọ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́. Àwọn lékèélékèé máa ń gba orí wa kọjá kí wọ́n tó lọ sùn, wọn kì í pẹ́. Kí ẹ ti gbé ojú sókè kí wọ́n tó dé.